Ohùn tí mo gbé sílẹ̀ ní Ṣágámù

"Ẹ dúró ná, Màmá," ni dárẹ́kítọ̀ wa wí. "Ohùn yẹn kọ́."

Ìjẹ̀bú-Òde la wà, lọ́dún 1996, nínú àgbàlá ilé àtijọ́ kan tí a ti ń ya eré àtìgbàdégbà fún tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni ìyálé ilé. Ìyàwó tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpótí ẹrù rẹ̀ wọlé, ó sì yẹ kí n kí i káàbọ̀ lọ́nà tí ẹ̀rù yóò fi bà á láìmọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo ti kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọkùnrin yìí ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó lóṣòó síwájú mi, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni ìyálé yìí. Ẹ̀yin náà, ọmọ Rẹ́mọ ni yín. Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé yín."

Mo lanu. Yorùbá Ọ̀yọ́ ló jáde. Mo tún lanu, òun náà ló tún jáde. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń ṣeré nígbà náà. Mo ti sọkún lórí ìtàgé láti Ìlọrin dé Òkìtìpupa, mo ti kọrin níbi tí kò sí iná, mo ti ṣe ìyàwó ọba, mo ti ṣe àjẹ́. Àmọ́ ohùn tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, n kò rí i mú jáde, ní ìlú tí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa ń gbé mi dé láti ilé wa. Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó tuntun rò pé mo ń múra sílẹ̀ fún síìnì tó kàn ni.

Màkún ni wọ́n bí mi sí ní Ṣágámù, lọ́dún 1957. Gbànja ni bàbá mi ń tà. Ẹni tó bá mọ Ṣágámù mọ̀ pé obì ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Àwọn Hausa á wá láti òkè ọya, wọ́n á dé sí Sábó, wọ́n á ṣa obì, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá kí ó má baà gbẹ, ọkọ̀ á sì gbé e lọ. Ìyá mi ní tirẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Gaàrí ló ń ṣe, gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tí wọ́n máa ń jẹ́ kí ó sùn ní ọjọ́ mélòó kan nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Obìnrin kékeré ni, kì í sì í pariwo. Bí àwọn obìnrin àgbàlá wa bá ń jà, ohùn wọn á gòkè. Ti ìyá mi á wálẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni kí èèyàn wá ibi sá sí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ọkọ̀ Ògúndé wọ ìlú wa, tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn pòkìkí eré kiri. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ ìgbà náà tí kò mọ orúkọ Hubert Ògúndé. Ọmọ Òṣósà ni, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó gbé eré lọ sí Glover Memorial Hall l'Ékòó ní 1944. Ìjọ Olúwa, tí olórí rẹ̀ wà ní Ògèrè Rẹ́mọ, ni ẹ̀ka rẹ̀ kan l'Ékòó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ eré náà. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tó bá rò pé ìlú Èkó nìkan ni eré ti wá: inú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà àti ọwọ́ ọmọ Òṣósà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré "Yorùbá Ronú", ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò ní 1966. Nítorí náà, nígbà tó dé Ṣágámù, bí ẹni pé ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé ni. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kún, àwọn ọmọdé gun fèrèsé. Èmi wà lára àwọn tó gun fèrèsé.

N kò rántí ìtàn eré náà mọ́ dáadáa. Ohun tí mo rántí ni obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jíṣẹ́ burúkú fún. A ń retí kí ó fi igbe ta. Kò kígbe. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dúró bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ̀ kan ṣoṣo ló mì. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, títí kan àwọn tó ń ta ẹ̀pà. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ẹ̀yìn sí ògiri, mo ń gbìyànjú láti mi èjìká kan.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi ní 1975 pé mo fẹ́ tẹ̀ lé ẹgbẹ́ eré kan, ohun tó sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: alágbe. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa nìyẹn. Àwọn òbí kì í fẹ́ gbé ọmọbìnrin fún òṣèré, wọ́n ní kò nílé, kò lọ́nà. Ògúndé fúnra rẹ̀ mọ ìyà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó kéde pé òun ń wá obìnrin tó máa ṣeré, wọn kò dá a lóhùn. Ó yí ìkéde náà padà, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá, ìgbà náà ni wọ́n tó wá. Nígbà tó yá, ó fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó, kí àwọn èèyàn má baà rí wọn bí ọmọ ìta, kí àwọn náà má baà kúrò lẹ́gbẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló tẹ̀ lé àpẹẹrẹ yẹn. Èrò tèmi ni pé ó dáàbò bo àwọn kan, ó sì de àwọn mìíràn mọ́lẹ̀, torí obìnrin tó bá jẹ́ ìyàwó ọ̀gá kò lè béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń béèrè. Mo rí àwọn tó darúgbó láìní kọ́bọ̀ tó jẹ́ tiwọn.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n lọ. Ó di ìró méjì fún mi, ó fi orógbó sí etí ọ̀kan. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, fún ọ̀fun rẹ ni." Ọdún mẹ́rin ni bàbá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó sọ̀rọ̀, ó na obì sí mi, a jọ jẹ ẹ́, a kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Ará Ọ̀ṣun ni ọ̀gá wa. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ẹgbẹ́, ó ní kí n ké ìbà. Mo ké e. Àwọn onílù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Ìjẹ̀bú mọ ohùn tí mò ń wí, ohùn "gh" tó wà láàárín "g" àti "w", tí Yorùbá Ọ̀yọ́ kò ní. Ó wà nínú gbogbo ohun tí mo bá sọ nígbà náà. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọbìnrin, ohùn rẹ dára, àmọ́ gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ yẹn sílẹ̀ ní Ṣágámù."

Mo gbé e sílẹ̀. Ó gbà mí lọ́dún kan gbáko. Ẹgbẹ́ akọrin nìkan ni mo wà, wọn kò fún mi ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní òwúrọ̀, mo máa ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, mo máa ń sọ ọ́ tẹ̀ lé ẹni tó ń kà á. Lálẹ́, mo máa ń ka Bíbélì sókè, nítorí Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther fi túmọ̀ rẹ̀ ni Yorùbá tí gbogbo ilé ìwé gbà. N kò bínú sí ọ̀gá mi lórí èyí. Eré tí à ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú gbọ́dọ̀ ní èdè kan tí ará Ọ̀fà gbọ́, tí ará Oǹdó náà gbọ́. Àmọ́ ohun kan wà tó dùn mí, tí n kò lè sọ nígbà náà. Nínú eré wa, bí Ìjẹ̀bú kan bá jáde, ahun ni. Ó máa ń ka owó, ó máa ń fi omi tútù mu gaàrí kí ó má baà na owó ọbẹ̀, èrò á sì rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ gbólóhùn kejì. Ohùn ìyá mi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Èmi tí mo mọ bó ṣe ń fún àwọn ọmọ aládùúgbò ní ìkọ́kọrẹ́ kí àwa ọmọ rẹ̀ tó jẹ, mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ orí ìtàgé ṣe rí, torí àwọn tó ń ṣeré lónìí kì í fẹ́ẹ́ gbà á gbọ́. Eré wa kò ní ìwé. Ọ̀gá á pè wá jọ, á sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á pín ipò, á sọ ibi tí ìjà ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó gbọ́dọ̀ parí sí. Ọ̀rọ̀ tí a máa fi ja ìjà náà, ọwọ́ wa ló kù sí. Máìkì mẹ́ta péré la ní, wọ́n so wọ́n rọ̀ lókè ìtàgé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pàtàkì láti sọ gbọ́dọ̀ ti mọ bí yóò ṣe rìn débẹ̀, láìjẹ́ kí èrò mọ̀ pé máìkì ló ń lọ bá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, a kò gbọ́dọ̀ dúró. Àtùpà gáàsì á jáde, ohùn wa á sì di ìlọ́po méjì. Ìyàwó ọ̀gá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló kọ́ mi pé inú ikùn ni èémí ti ń wá, pé ẹni tó bá ń fi ọ̀fun nìkan ké, yóò ti dákẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn mi, á ní kí n kọrin títí òun á fi rí i pé ọwọ́ òun ń lọ sókè sódò. Àwa obìnrin yìí kan náà la máa ń jókòó síbi géètì ta tíkẹ́ẹ̀tì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a sì máa ń dáná fún gbogbo ẹgbẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Èyí tó ṣòro jù lọ láti kọ́ ni gbígbọ́. Bí kò bá sí ìwé, ìwọ kò lè mọ ohun tí ẹnìkejì rẹ máa sọ, àfi kí o gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń ro ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, èrò á mọ̀. Èrò gan-an máa ń dá sí i. Ní Ìkirun, nígbà kan, mò ń ṣe ìyàwó tí kò bímọ, àwọn àna mi ti lé mi jáde, mo wà lórí ìdúró pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyá àgbàlagbà kan dìde láàárín èrò, ó gun orí ìtàgé, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì kó kọ́bọ̀ tó wà níbẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, fi wọkọ̀. Má sùn síta." Àwọn onílù dákẹ́. Mo rí ojú ọ̀gá láti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Kò mi orí, kò ṣẹ́jú. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá náà. Mo dúpẹ́ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ṣe máa dúpẹ́. Mo ní kí ó gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà, gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un padà síbi tó jókòó sí, eré sì ń lọ. Mo fẹ́ dá owó náà padà fún un lẹ́yìn eré, ó kọ̀ ọ́. Àádọ́ta kọ́bọ̀ ni, iye tí ọmọdé fi ń wọlé.

Ọ̀nà ni ọ̀tá wa. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà àtijọ́ tó gba Ìkòròdú àti Ṣágámù là ń rìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé wa, ẹrù eré nísàlẹ̀, àwa lókè rẹ̀, òru ni a sì máa ń rìn jù. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa Adéṣewà Clementina, ìyàwó Ògúndé tó jẹ́ ògbóǹtarìgì òṣèrébìnrin, ní 1970. Àwa náà sin onílù wa kan ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a sin ín, a ṣeré, nítorí a ti lẹ pósítà.

Mo fẹ́ ọkùnrin tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ méjì la bí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni wọ́n gbé. Mo wá ní ọdún Iléyá kan, àbígbẹ̀yìn mi fi ẹ̀yìn ìyá mi bo ara, ó ní, "Ìyá, àǹtí yẹn tún ti dé." Ìyá mi bá a wí. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni, a sì sún mọ́ra dáadáa, àmọ́ títí dòní, bí mo bá wọlé tí kò retí mi, n kò lè ṣe kí n má wo ojú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn SAP, ètò tí ìjọba fi tún ọrọ̀ ajé tò, ní 1986, owó epo, owó taya, owó ìpolówó, gbogbo rẹ̀ kọjá ohun tí géètì lè san. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù òru. Fídíò dé, wọ́n ń wo eré nínú pálọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ wa tú ká ní 1988, láìsí ìjà. Ọ̀gá pín aṣọ eré fún wa, aṣọ ayaba ló kàn mí. Mo ta aṣọ ní Ṣágámù fún ọdún mélòó kan, mo ṣe fídíò méjì mẹ́ta, mo tún wọ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Tẹlifíṣọ̀n sọ mí di ọmọ ilé ìwé padà. Lórí ìtàgé, ìtàn máa ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o máa ń bá a dàgbà. Níbi kámẹ́rà, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ kan ni wọ́n máa yà lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ ìpele kìíní tàbí ìkẹwàá. Mo sọkún ọkọ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì bá a jẹun ní Ọjọ́bọ̀. Mo wá ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sínú rẹ̀: ní ìpele yìí, kí ni mo ti mọ̀, kí ni n kò tíì mọ̀, yẹtí wo ni mo fi sétí, ìró wo ni mo ró. Ìpele 13 la máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, torí ọ̀sẹ̀ 13 ló wà nínú oṣù mẹ́ta tí onígbọ̀wọ́ máa ń sanwó fún. Nínú iṣẹ́ kan tí mo ṣe ṣáájú ti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó pè wá kò san owó ìpele mẹ́fà tó kẹ́yìn. Ẹnu la fi ṣe àdéhùn. Mo lọ sílé rẹ̀ títí bàtà mi fi jẹ, ó ń pè mí ní "Màmá mi", kò sì sanwó. Láti ìgbà náà, bí kò bá sí ìwé tí a jọ fọwọ́ sí, n kì í wọ aṣọ eré. Àwọn ọmọ tó ń wá bá mi lónìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n nìyẹn, kí n tó béèrè pé ta ni wọ́n ń ṣe.

Ojú mi pàápàá tóbi jù fún kámẹ́rà. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti fi ń ṣeré fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Kámẹ́rà dúró síwájú imú mi, èmi sì ń bá ẹni ẹ̀bá ìlẹ̀kùn yẹn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí mo ń wí yẹn, dárẹ́kítọ̀ fún mi ní ọjọ́ méjì. Ó ní kí n má ṣe yọnu, wọ́n á ya síìnì àwọn ẹlòmíràn ná. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá mi ti padà sílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Mo bá a nídìí ewùrà, ó ń rin ín fún ìkọ́kọrẹ́. Mo rò fún un. Mo ní, "Ìyá, n kò lè sọ ọ́ mọ́." Ó wò mí tìyanu-tìyanu, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò lè rìn mọ́. Ó ní kí n sọ ohun tí ìyálé náà fẹ́ sọ. Mo dìde, mo na ìka, mo gbé ohùn sókè, mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é níwájú kámẹ́rà.

Ìyá mi nu ọwọ́. Ó béèrè pé, "Ṣé ó fẹ́ kí ìyàwó yìí sá lọ lónìí, àbí ó fẹ́ kí ó dúró, kí ó máa bẹ̀rù?"

Mo ní kí ó dúró.

Ó ní, "Kí ló wá ń kígbe fún?"

Ó sún ìjókòó kan síwájú mi, ó ní kí n jókòó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní Ìjẹ̀bú rẹ̀, tí n kò lè fi lẹ́tà kọ kí ó dùn, ó ní: Ìyàwó, o kú ìrìn. Jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ sinmi. Àga yẹn náà ni àwọn tó wá ṣáájú rẹ kọ́kọ́ jókòó lé.

Mo fò dìde lórí àga náà, mo bura.

Ọjọ́ méjì náà, ewùrà la jọ ń rin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ la jọ ń bó, a sì ń sọ̀rọ̀. N kò ké ohunkóhun sórí. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni: ti àna rẹ̀, ti ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ ẹ́ lówó gaàrí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo dá a lóhùn, ó sì jáde pẹ̀lú "gh" rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Èmi kò mọ̀. Òun ló gbé ojú sókè tó sì ní, "Ẹ káàbọ̀."

A ya síìnì náà lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí dárẹ́kítọ̀ ní "káàtì". Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó kò jókòó sórí àga yẹn mọ́ ní gbogbo ìgbà tí a fi ṣiṣẹ́ nínú ilé náà. Bí a bá ń sinmi, orí àpótí ẹrù rẹ̀ ló máa ń jókòó sí.

Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, mo lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ra ẹja. Obìnrin tí mo ti ń bá rà fún ọdún kan gba owó mi, ó fi ọ̀rá ẹja lé ilẹ̀, kò fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyálé, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o." Kò rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣàlàyé pé eré ni. Mo rántí ìyá Ìkirun tó tú etí ìró rẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Mo gbé ẹja mi nílẹ̀. Àwọn òṣèré kan máa ń bínú sí irú èyí, wọ́n ní àwọn èèyàn wa kò lajú. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn mọ̀ pé eré ni, ó ṣáà mọ ẹnìkan nílé tirẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àti pé, Ìjẹ̀bú ni mo sọ, kò sì rẹ́rìn-ín. Mo ronú lórí ìyẹn dé ilé, mo sì ronú sí ọ̀gá mi tó ti kú, pé ì bá wù mí kí ó gbọ́ ọ.

Ìyá mi kú ní 2003. Ọ̀sẹ̀ tí síìnì àga yẹn jáde, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilé aládùúgbò la ti lọ wò ó, torí tẹlifíṣọ̀n tiwọn ló tóbi. Àwọn ọmọdé wà nílẹ̀, àwọn àgbà lórí àga, ìyá mi ní iwájú pátápátá. Ìyàwó tuntun gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Mo rí ara mi tí mo ń sún àga síwájú. Mo rí ara mi tí mo la ẹnu, mo ní, "Ìyàwó, o kú ìrìn." NẸ́PÀ mú iná lọ.

Gbogbo ilé kígbe. Àwọn ọmọ ń kùn, ẹnìkan ń wá ìṣáná. Nínú òkùnkùn yẹn, láti iwájú, ìyá mi bá a lọ. Kò gbé ohùn sókè rárá. Jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ sinmi. Ó sọ ọ́ dé ìparí, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kùn panu mọ́. Ẹni tó ń wá ìṣáná rí i, kò ṣá a. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ ọ, ó ń dáhùn fún ìyàwó, ó tún ń sọ ti ìyálé, ó ń bá eré náà lọ sí ibi tí àwa tí a ṣe é kò gbé e dé.